Owó fàdákà inú oko

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú ilẹ̀, àgbẹ̀ kan sì gbà mí láàyè nínú oko rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahoro abúlé àtijọ́ kan. Mo rí fàdákà pẹlẹbẹ kan tó dà bí ìdámẹ́rin owó, àmì àgbélébùú wà lára rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fọ̀ ọ́, kí n tà á, kí n sì wọ inú ahoro náà lọ. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?
Òǹkàwé yín, Yorkshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú oríire. Má fọ̀ ọ́ o! Lẹ́nu iṣẹ́ mi ní mùsíọ́mù, mo ti rí èyí tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ha títí àgbélébùú ara rẹ̀ fi pa rẹ́. Erùpẹ̀ ara rẹ̀ kò ní kó burúkú bá a.

Owó yẹn kò ṣèèṣì já, ńṣe ni wọ́n gé e. Kó tó di 1279 tí Ọba Edward Kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdámẹ́rin pẹ́nì roboto, pẹ́nì fàdákà ni wọ́n ń ná. Bí ọjà ẹni kò bá tó pẹ́nì kan, wọ́n á gé e sí méjì tàbí mẹ́rin, ojú ilà àgbélébùú yẹn ni wọ́n sì ń gbà gé e. Wo etí rẹ̀ méjì tó gún gbọọrọ, wàá rí i.

Òfin Treasure Act ti 1996 kò ka irú ẹyọ owó kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ sí ìṣúra. Ṣùgbọ́n bí o bá rí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pa pọ̀, tí wọ́n sì ti lé ní 300 ọdún, o gbọ́dọ̀ fi tó coroner létí, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ ìṣúra, láàárín ọjọ́ 14. Bó ti wù kó rí, mú eléyìí lọ bá Finds Liaison Officer àgbègbè rẹ, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ohun àtijọ́ tí àwọn èèyàn bá rí. Kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ, yóò sì dá a padà fún ọ tó bá ti kọ ọ́ sílẹ̀. Fi fóònù gba ojú ibi tí o ti rí i gan-an, torí ojú ibẹ̀ ló níye lórí jù lójú tèmi. Ibi tí owó gígé bá ti pọ̀ nínú oko, a lè fi mọ̀ pé wọ́n nájà níbẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ ahoro yẹn ló bí mi nínú sí ọ̀rẹ́ rẹ. Irú rẹ̀ ni Wharram Percy, ní Yorkshire yín níbẹ̀. Láti 1950 títí di 1990 ni àwọn awalẹ̀pìtàn fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, apá kékeré ni wọ́n sì rí wà. Bí ahoro tìrẹ náà bá wà lára àwọn tí ìjọba ń dáàbò bò, òfin 1979 ní o kò gbọ́dọ̀ lo ẹ̀rọ yẹn níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ, àgbẹ̀ ì báà gbà fún ọ. Orúkọ wọn wà nínú National Heritage List lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó jáde nílé.

Nínú oko, ilẹ̀ òkè tí katakata ti tú ni kí o wà. Bí ẹ̀rọ bá ń dún nísàlẹ̀ ibẹ̀, fi í sílẹ̀, kí o pe Officer yẹn. Kí ìwọ àti àgbẹ̀ sì tọwọ́ bọ̀wé lórí bí ẹ ó ṣe pín ohun tó bá jáde.