Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Bá Yín Pò Ó: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ìpápánu Ọmọdé

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ ló sì fà á. Àwọn ọmọ wà nílé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹnu wọn kò sì dilẹ̀. Mo mú mẹ́rin nínú ìbéèrè yín.

Ẹ ǹlẹ́ mà. Ọmọ méjì ni mo bí, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, èkejì ọdún méje. Bísíkíìtì àti mínírà nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí mo bá ṣe nǹkan fún wọn nílé, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ni mo lè ṣe tí yóò wù wọ́n jẹ, tí kò sì ní gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ mi? (Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ìbarà)

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Kí ẹ tó máa wá oúnjẹ tuntun kiri, ẹ kọ́kọ́ pín iṣẹ́ fún wọn. Ohun tí ọmọ bá fọwọ́ ara rẹ̀ mọ, ó ṣòro kó tó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Yóò jẹ ẹ́, yóò tún bu fún ẹlòmíì kí wọ́n lè yìn ín.

Àádùn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ọmọ Abẹ́òkúta tó lè ka orúkọ bísíkíìtì lọ́kọ̀ọ̀kan láìsinmi, àmọ́ tí kò mọ àádùn àfi lọ́jọ́ ìkómọ. Ẹ ra àgbàdo gbígbẹ ní Kútọ̀ tàbí Láfẹ́ńwá, ẹ ṣà á dáadáa, ẹ yan án nínú agbada lórí iná tí kò pọ̀, títí yóò fi pupa rẹ́súrẹ́sú tí òórùn rẹ̀ yóò gba inú ilé. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ ata, kó sì lọ̀ ọ́ kúnná.

Ẹ bu agolo mílíìkì mẹ́ta nínú ìyẹ̀fun náà sínú abọ́ fífẹ̀. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ṣúgà ṣíbí kékeré méjì bí ẹ bá fẹ́, àti ata gígún tí kò ju ohun tí ìka méjì lè mú lọ. Ẹ yọ́ epo pupa kó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí epo gbígbóná yóò jó ọmọ lọ́wọ́. Ṣíbí kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa ta sí i. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n máa ta epo, kí àbúrò máa pò ó. Bí ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, tí ẹ fún un mọ́wọ́, tí ẹ ṣíwọ́ tí kò fọ́, tí epo kò sì máa ro sílẹ̀, ó ti tó. Bí ó bá ń fọ́, ẹ fi epo díẹ̀ kún un. Bí ó bá ń yọ̀, ẹ fi ìyẹ̀fun kún un.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n mọ ohun tó bá wù wọ́n. Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo fi ọmọbìnrin kékeré kan, ọmọ ọdún mẹ́fà, sídìí abọ́ àádùn. Ó to ìṣù mẹ́ta léra wọn, ó fi ọwọ́ tútù tẹ orí rẹ̀ kó dán, ó wá fi àtàńpàkò gbẹ́ ihò sábẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé kí ni, ó ní Olúmọ ni. Ó ṣa yànmọ̀tí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò ó sínú ihò náà, ó ní àwọn Ẹ̀gbá tó sá fún ogun nìyẹn. Nígbà tó tò wọ́n tán, ó jẹ àpáta náà láti orí dé ìdí, àti àwọn Ẹ̀gbá inú rẹ̀! Ọmọ tí màmá rẹ̀ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kì í jẹ ohunkóhun tí wọ́n bá fi àgbàdo ṣe.

Ní ti mínírà, ẹ má gbà á lójijì. Ẹ se ìṣápá pupa gbígbẹ, èyí tí wọ́n fi ń ṣe sóbò, pẹ̀lú èèpo ọ̀pẹ òyìnbó tí ẹ fọ̀ mọ́ àti ata ilẹ̀ díẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ, kó tutù, kí wọ́n fúnra wọn bù ú sínú ife wọn. Ìdajì ṣúgà tí ọwọ́ yín bá fẹ́ bù ni kí ẹ fi sí i.

Ọmọkùnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì. Bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà, òun náà á máa sunkún pé kí wọ́n fún òun. Ṣé kí n máa fún un? (Bàbá kan, Ọbántókò)

Rárá sà, ẹ má fún un. Odidi ẹ̀pà àti gúgúrú lè há ọmọdé lọ́fun, ó sì lè dí èémí rẹ̀. Títí yóò fi pé ọdún márùn-ún, ẹ má jẹ́ kó kan odidi ẹ̀pà, bó ti wù kó sunkún tó. Kókoró líle náà kò yẹ fún un. Ẹ lọ ẹ̀pà yíyan kúnná, ẹ fi ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí búrẹ́dì lára ní tẹ́ẹ́rẹ́. Díẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ètè rẹ̀ bá wú tàbí tí ara rẹ̀ bá sú, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Ẹ rí i pé ó jókòó kó tó jẹun, kó má máa sáré kiri. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan bá sì wà nínú ilé, oyin kò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu rárá.

Mo fẹ́ fi ṣinṣin aláwọ̀ oríṣiríṣi ṣe àríyá fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù aró inú ìgò ń bà mí. (Tíṣà, Pànṣẹ́kẹ́)

Tíṣà wa, inú ọjà ni aró yín wà. Ẹ rin kárọ́ọ̀tì, ẹ fún omi rẹ̀: àwọ̀ ọsàn nìyẹn. Ẹ lọ ewé ugu pẹ̀lú omi díẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ: ewé tútù nìyẹn. Ẹ se ìṣápá kó ki dáadáa: pupa nìyẹn.

Fùláwà gíráàmù 500, bọ́tà 100, ṣúgà 100, ẹyin kan. Ẹ fi ọwọ́ ra bọ́tà mọ́ fùláwà, kí ẹ fi ṣúgà àti ẹyin tí ẹ ti lù sí i, kí ẹ wá pín in sọ́nà mẹ́ta. Dípò mílíìkì, omi aláwọ̀ ni kí ẹ fi pò ó, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dì mọ́ra. Ẹ ṣọ́ra fún ti ìṣápá: bí káún tàbí békín páúdà bá kàn án, pupa rẹ̀ yóò di àwọ̀ eérú, kò sì ní wuyì mọ́. Ẹ má fi nǹkan kan wú u.

Kí àwọn ọmọ yí i ní okùn, kí oníkálukú fi kọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ní Ẹ tàbí Ọ, kó tẹ àmì abẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú omi kó má bàa já sínú òróró. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ dín in. Iná tó mọ níwọ̀n ni kí ẹ lò, torí bí ó bá jó pupa, gbogbo àwọ̀ yín á lọ. Síbẹ̀, bí òróró kò bá gbóná tó, ṣe ni ṣinṣin yóò mu ún yó. Ẹ ju ẹyọ kan sí i wò: bí ó bá léfòó tó sì ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ da ìyókù sí i.

Àwọn ọmọ-ọmọ mi wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, wọ́n ń béèrè gúrúndì. N kò ní ààrò òyìnbó, sítóòfù ni mo ní. (Màmá, Ìtokú)

Màmá mi, ẹ kú àmójútó, ẹ kú ọmọ. Ìkòkò irin tó nípọn ni ààrò yín. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ tó mọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó ga tó oríkèé ìka kan, ẹ dé e, ẹ gbé e ka iná fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Kí ẹ̀gbọ́n wọn àgbà rin àgbọn kan. Agolo mílíìkì méjì fùláwà, ìdajì agolo ṣúgà, iyọ̀ díẹ̀, àgbọn náà, àti ìwọ̀nba omi àgbọn tí yóò mú un dì. Kí àwọn kékeré fi ìgò yí i tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n fi ẹnu ife gé e róbótó, kí wọ́n fi fọ́ọ̀kì gún un lára kó má bàa wú. Àwo páànù ni kí ẹ tò ó sí, ìpele kan ṣoṣo, kí ẹ gbé e lé iyanrìn, kí ẹ sì dé e. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti pupa, ẹ yí i padà. Kí àwọn ọmọ jìnnà sí sítóòfù ní gbogbo àkókò yìí.

Yóò rọ̀ nígbà tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ má ṣe rò pé kò jinná. Bó bá ṣe ń tutù ni yóò máa le. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó kó o sínú ike, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ooru rẹ̀ yóò mú un rọ̀ padà kí ilẹ̀ tó mọ́.