Ọ̀gànwó tí mo fọwọ́ ara mi gbìn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 2009 ni mo gbin ọ̀gànwó 60 sáàárín kòkó mi ní Ìdànrè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ní kí n la mẹ́ta sí pákó, kí n fi ránṣẹ́ sóun láti tà. Aládùúgbò mi ní wọ́n á tì mí mọ́lé, pé igi òfin ni. Igi tí mo fọwọ́ ara mi gbìn?

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ má tíì pe onígẹdú o. Ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti fòfin de kíkó gẹdú jáde, ì báà jẹ́ ìtì, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n ti là. Pákó yẹn kò lè wọkọ̀ ojú omi, ẹni yòówù tó gbin igi náà.

Ti òfin àgbáyé lórí títa igi àti ẹranko láti ilẹ̀ kan sí òmíràn tún wà níbẹ̀, CITES ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ní Panama, wọ́n fi ọ̀gànwó àti igi apá ilẹ̀ Áfíríkà sí ìwé kejì òfin náà. Ohun tó wà ní ìwé kejì ṣeé tà, kí èèyàn ṣáà ti gbàwé àṣẹ. Àmọ́ ìtì, pákó àti plywood ni wọ́n ń ṣọ́. Àwo tàbí àpótí ìjókòó tí wọ́n ti gbẹ́ parí kò sí níbẹ̀.

Torí náà, bí òfin Nàìjíríà bá ṣì gbà á, àwo ni kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín máa tà. Ẹ gbàwé lọ́wọ́ àwọn NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn tó ń jáde nílẹ̀ yìí wò, pé igi náà kò ní kòkòrò, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Èmi kánjú lọ́dún 2019: wọ́n tú páálí mi, ìyẹ̀fun tín-ín-tín ń dà lábẹ́ àwo, kòkòrò ti ń lu ú nínú. Àwo 40 ló ṣòfò.

Rìsíìtì tí ẹ fi ra irúgbìn ńkọ́? Ẹ wá a jáde, ẹ ya fọ́tò àwọn igi náà bí wọ́n ṣe tò, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn onígbó ìjọba láti fi hàn pé ẹ̀yin lẹ gbìn wọ́n, kí ẹ tó gé ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbójú sókè. Èyí tí kòkòrò jẹ ọ̀mùnú rẹ̀ ní kékeré á ti pẹ̀ka sí méjì, sí mẹ́ta; kò lè di pákó gígùn mọ́. Irú wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ gé fún agbẹ́gi. Ẹ fi àwọn tó nàró sílẹ̀.