Ṣé kí tíṣà kan máa kọ́ àwọn ìbejì mi papọ̀ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ìbejì ni àwọn ọmọ mi, SS3 ni wọ́n wà, art class làwọn méjèèjì. Government ò wọ̀ wọ́n lórí rárá, máàkì wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tíṣà kan ní òun á máa wá ṣe lẹ́sìnnì fún wọn nílé, ó ní kí wọ́n jókòó papọ̀ kówó má bàa pọ̀ jù. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ìyá ìbejì, ẹ kú wàhálà ọmọ o. Ó lè dáa, àmọ́ máàkì tó dọ́gba ò sọ pé ohun kan náà ló ń ṣe wọ́n o mà, a kì í sì í fi oògùn ẹ̀fọ́rí wo inú rírun.

Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ pe Táyé lálẹ́ òní, ẹ ní kó fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí Clifford Constitution 1922, ìyẹn òfin ìjọba tí Gómìnà Clifford gbé kalẹ̀ nígbà òyìnbó, mú wá. Tó bá ní òfin yẹn ló kọ́kọ́ jẹ́ ká máa dìbò yan aṣòfin, pé wọ́n fún Èkó ní ìjókòó mẹ́ta, Calabar ní ọ̀kan, pé ìyẹn ló jẹ́ kí Herbert Macaulay àtàwọn èèyàn ẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹ wá ní kó kọ ọ́ lóyìnbó. Tó bá kàn kọ "elective principle" (ìlànà ìdìbò) tó sì dákẹ́ síbẹ̀, tí ò sọ pé ọkùnrin tówó tó ń wọlé fún un lọ́dún tó £100 nìkan ló lè dìbò, ìwé kíkọ ló ń dà á láàmú. Ẹ̀ báà ka nóòtù sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ létí tílẹ̀ fi mọ́, kò ní yí padà. Ìbéèrè kan péré ni kí tíṣà fún un, kó kọ ọ́, kí wọ́n jọ yẹ̀ ẹ́ wò ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kó tún un kọ.

Kẹ́hìndé wá lè kọ ojú ewé méjì gbáko kó sì jẹ́ pé ó ti lú òfin Clifford pọ̀ mọ́ ti Richards, gómìnà tó ṣe òfin míì lẹ́yìn ẹ̀, torí àkọ́sórí ló ń ṣe. Ìtàn ni kí wọ́n sọ fún ìyẹn: ìgbìmọ̀ aṣòfin ti Clifford ò ṣòfin fún Òkè Ọya, Richards ló kó wọn mọ́ ọn ní 1946, àmọ́ kò bi àwọn ọmọ Nàìjíríà léèrè kó tó gbé tiẹ̀ kalẹ̀, inú bí wọn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tó kan òfin ti Macpherson, gómìnà tó tẹ̀ lé e, láti abúlé ni wọ́n ti ń bi aráàlú léèrè títí wọ́n fi ṣe ìpàdé ńlá n'Ìbàdàn ní 1950. Tó bá ti mọ ẹ̀hónú tó bí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní ṣì wọ́n mú mọ́.

Tíṣà kan lè ṣe méjèèjì. Kí wọ́n jọ máa ṣe objective, 50 ni WAEC máa ń bi wọ́n, ìyẹn ò ní wàhálà, tó bá wá kan essay kó dojú kọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá ní kẹ́ ẹ fi díẹ̀ kún owó torí máàkìn essay wọn, ẹ fún un mà, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ gba ìwé àwọn méjèèjì lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá jẹ́ nóòtù kan náà ló wà níbẹ̀ láti òkè délẹ̀, ẹ wá tíṣà míì.