Kí Ló Dé Tí Wọn Ò Ya Ojú Fún Un?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Los Angeles ni mo wà, ìyá arúgbó kan ni mò ń tọ́jú nílé rẹ̀. Ìwé àwòrán ńlá kan wà lórí tábìlì pálọ̀ wọn. Mo ṣí i, mo rí odò ìwẹ̀, ilé onígíláàsì, àti ọkùnrin kan tó ń fi igi gígùn gbọ́n ìdọ̀tí kúrò lójú omi. Ọmọ màmá náà ní ọmọ àwọn ará Mẹ́síkò ló yà á, pé àwa òṣìṣẹ́ ló ń gbèjà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn ò ní ojú, kò ní imú, kò ní ẹnu. Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń gbèjà ènìyàn? Ó dùn mí. — Olùtọ́jú arúgbó

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, iṣẹ́ á rọ̀ ọ́ o. Mo mọ àwòrán tí ò ń wí. *No Splash* ni wọ́n ń pè é, 2013 ló jáde. Jay Lynn Gomez ló yà á. Ramiro Gomez ló ń jẹ́ nígbà yẹn, òun lo sì rí lára ìwé náà. San Bernardino, ní Kalifọ́níà tí o wà yẹn gan-an, ni wọ́n bí i sí ní 1986.

Kí o tó bínú sí i, gbọ́ èyí ná: òun náà ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rí. Ilé olówó kan ló ń gbé, tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ. Bí àwọn ọmọ bá ti sùn lọ́sàn-án, á mú ìwé ìròyìn ilé ọ̀ṣọ́ tí àwọn ọ̀gá ti kà tì, irú èyí tí wọ́n fi ń polówó àga olówó gọbọi àti ilé ìdáná tó ń dán gbinrin, á wá fi ọ̀dà kun obìnrin tó ń nu ilẹ̀ sórí rẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, kì í sábà sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá? Àfi bí ẹni pé ilé ń gbá ara rẹ̀. Ẹni tó gbá a ni Gomez dá padà síbẹ̀.

*No Splash* náà ní àwòrán tó ń fèsì sí. Ní 1967, David Hockney, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya odò ìwẹ̀ kan ní Kalifọ́níà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sí. Omi ta sókè, a ò rí ẹni tó bẹ́. *A Bigger Splash* nìyẹn, ó lókìkí púpọ̀. Gomez ya ilé yẹn àti odò yẹn bó ṣe wà, ó pa omi tó ta sókè rẹ́, ó fi ọkùnrin tó ń gbọ́n ìdọ̀tí àti obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá gíláàsì sí i. Láti ọdún gbọọrọ tí wọ́n ti ń wo odò yẹn, ta ló béèrè ẹni tó ń fọ̀ ọ́?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ojú tó dùn ọ́. Lójú tèmi, bí ọ̀gá ṣe ń rí òṣìṣẹ́ ni Gomez yà fún wa: àwọ̀ ara, aṣọ iṣẹ́, ẹ̀yìn tó tẹ̀. Bi àwọn ọ̀gá rẹ léèrè bí ojú ẹni tó ń gé koríko wọn ṣe rí. Wọ́n lè rántí àwọ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Ayàwòrán mìíràn, Yolanda López, tiẹ̀ ti ṣe èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 1994 nínú iṣẹ́ tó pè ní *The Nanny*: yunifọ́ọ̀mù olùtọ́jú ọmọ ló gbé kọ́ sáàárín ìpolówó ńláńlá, kò sì sẹ́ni nínú aṣọ náà.

Síbẹ̀, mi ò ní gbè é dé òpin. Kánfáàsì tó ń bá ọ̀gá wí, ọ̀gá náà ló lówó tó lè fi rà á, tí á sì gbé e kọ́ sí pálọ̀ tí ẹlòmíràn á máa nu eruku rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn àwọn páálí rẹ̀ jù. Ó ń gé páálí ńlá bí ènìyàn ṣe ga tó, á kun ún ní olùtọ́jú ọgbà tàbí ẹni tó ń gbé ọmọ, á lọ gbé e dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà àwọn olówó ní Beverly Hills, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ kọjá á kọ́kọ́ rò pé ènìyàn ni. Wọ́n á wá kó o kúrò.

Owó sì wà nídìí gbogbo rẹ̀. Òfin owó oṣù tó kéré jù ní Amẹ́ríkà, ti 1938, yọ ọmọ ọ̀dọ̀ àti òṣìṣẹ́ oko sílẹ̀; 1974 ni wọ́n tó fa ọmọ ọ̀dọ̀ wọlé. Ní 2013, ọdún *No Splash* gan-an, Kalifọ́níà ṣòfin pé ẹni tó ń tọ́jú ọmọ tàbí arúgbó nínú ilé gbọ́dọ̀ gba owó àfikún bó bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí 9 lọ lójúmọ́, tàbí 45 lọ́sẹ̀. Kì í ṣe ohun tí o béèrè, mo mọ̀, ṣùgbọ́n máa kọ wákàtí rẹ sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: New York ni a wà. Ọmọbìnrin mi fẹ́ ya fọ́tò obìnrin ará Mẹ́síkò tó ń tún àtẹ̀gùn ilé wa ṣe, fún iṣẹ́ iléèwé. Ṣé kò léwu? — Bàbá Ọmọge

ÌDÁHÙN: Ẹ ní kó lọ bẹ obìnrin náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó gbà á síṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú bá wà ńlẹ̀, fọ́tò lè kó bá a, nítorí náà bó bá ní òun ò fẹ́ kí ojú òun hàn, ó parí.

Bó bá gbà, kí ọmọ yín lọ wo iṣẹ́ Dulce Pinzón, ayafọ́tò ará Mẹ́síkò. Ó gbé aṣọ àwọn akọni inú ìwé àwòrán wọ àwọn ará Mẹ́síkò ní New York, ó sì ya wọ́n níbi iṣẹ́ wọn. Ẹni tó ń nu fèrèsé ilé gíga wọ aṣọ Spider-Man. Obìnrin ará Puebla, ní Mẹ́síkò, tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ wọ ti Catwoman. Ó lè pa yín lẹ́rìn-ín, àfi tí ẹ bá ka ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀: orúkọ, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti wá, iṣẹ́ wọn, àti iye tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé. 500 dọ́là lóṣù ni ti Spider-Man. Ti Catwoman jẹ́ 400, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kò pọn dandan kí ọmọ yín béèrè iye owó o. Ṣùgbọ́n kó béèrè orúkọ, kó sì kọ ọ́ bí obìnrin náà bá ṣe fẹ́ kó rí. Kó tẹ ẹ̀dà kan fún un kó tó gbé e fún tíṣà.