Fọ́tò inú fódà mi di funfun báláú, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Fọ́tò ni mò ń yà, Windows 10 ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi. Láti àná tí mo bá ti ṣí fódà, àwọn fọ́tò kan á kàn funfun báláú, àwọn míì á máa gbé àwòrán ẹlòmíì jáde, ìyàwó ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mò ń rí lórí fáìlì ti ọ̀sẹ̀ yìí! Bọ̀dá kan ní kí n gbé e wá kí òun fọ́máàtì ẹ̀. Ẹ gbà mí o.

Ìdáhùn: Háà, ẹ má jẹ́ kó fọ́máàtì nǹkan kan o. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò yẹn ná. Tó bá ṣí, tó sì jẹ́ fọ́tò tó yẹ kó jẹ́, a jẹ́ pé kò sóhun tó ṣe fáìlì yín. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń rí nínú fódà yẹn kì í ṣe fọ́tò gangan, àwòrán kékeré tí Windows yà sílẹ̀ látinú ẹ̀ ni, torí tó bá ní kóun máa yà á tuntun ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí fódà, ilẹ̀ á ṣú, ló ṣe máa ń kó wọn pa mọ́ sínú àwọn fáìlì kan tórúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú thumbcache. Ibi ìpamọ́ yẹn ló dàrú.

Ẹ tẹ F5 wò. Tí ò bá yí padà, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager á jáde, ẹ wá Windows Explorer níbẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ mú Restart. Gbogbo nǹkan ìsàlẹ̀ skírìnì á pòórá díẹ̀, ẹ má jáyà, á padà.

Tó bá ṣì ń ṣe agídí, ẹ kọ Disk Cleanup síbi tẹ́ ẹ ti ń wá nǹkan, ẹ mú drive C, ẹ wá máàkì Thumbnails nìkan, ìyẹn àwọn àwòrán kékeré tí mo sọ yẹn. Mo ní nìkan o! Downloads lè wà nínú líìsì yẹn, tẹ́ ẹ bá máàkì òun náà, gbogbo ohun tẹ́ ẹ dáńlóòdù síbẹ̀ ló ń lọ yẹn, mo ti rí ẹni tó sunkún lórí ẹ̀. Lẹ́yìn náà, fódà á kọ́kọ́ lọ́ra, torí ó ń ya àwòrán tuntun ni.

Tó bá jẹ́ pé fáìlì RAW (fọ́tò tútù tí kámẹ́rà ò tíì sọ di JPEG) nìkan ló funfun, ìyẹn yàtọ̀, ẹ lọ gba RAW Image Extension nínú Microsoft Store, ọ̀fẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n tí fọ́tò ò bá ṣí rárá, ẹ yáa kó àwọn tó ṣì ń ṣí sórí drive míì kíákíá, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́, ẹ má sì tíì pa nǹkan kan rẹ́ lórí memory card tẹ́ ẹ fi ya ìyàwó yẹn.