Báwo ni mo ṣe lè ya oníjó kí wọ́n má dà bí ẹni tó tò fún fọ́tò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mò ń fi ọ̀dà ya àwòrán àwọn ẹgbẹ́ oníjó àdúgbò wa níbi tí wọ́n ti ń dánra wò, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń le gbagidi bí ẹni tó tò fún fọ́tò. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n wo àwòrán àwọn oníjó báléè tí Degas, ayàwòrán ará Faransé, yà. Mo wò ó lórí fóònù, n kò rí ẹni tó ń jó gidi. Kí ni kí n kọ́ níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ohun tó yà yín lẹ́nu yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Ẹ jẹ́ ká mú «Kíláàsì Ijó», tí Edgar Degas bẹ̀rẹ̀ ní 1873, tó wà ní Musée d'Orsay, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan ní Páríìsì, báyìí. Jules Perrot, àgbà olùkọ́ ijó, fara ti ọ̀pá rẹ̀ láàárín àwọn ọmọbìnrin oníjó. Ta ló ń gbọ́ tirẹ̀? Ọmọ kan jókòó sórí pìánò lápá òsì, ó ń họ ẹ̀yìn. Èyí tó sún mọ́ wa jù kẹ̀yìn sí wa pátápátá. Àwọn ìyá wọn wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ó ti rẹ àwọn oníjó náà, ìdí nìyẹn tí ara wọn fi dẹ̀, tí a fi gbà pé ènìyàn ni wọ́n.

Ẹ tún wo ilẹ̀. Garawa ìbomirin kan wà nísàlẹ̀ lápá òsì, nítorí wọ́n máa ń wọ́n omi sórí pákó kí eruku má baà sọ. Mo fẹ́ràn garawa yẹn ju gbogbo aṣọ funfun wọn lọ! Níwájú lápá ọ̀tún, ilẹ̀ ṣófo, àwọn ìlà pákó sì ń fa ojú wa lọ sẹ́yìn. Ẹ má bẹ̀rù àti fi àyè sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́, Degas wà lára àwọn tó ṣe àfihàn àkọ́kọ́ ti àwọn Impressionist (àwọn ayàwòrán tó fẹ́ràn láti ya bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí padà) ní 1874, ṣùgbọ́n kì í gbé ọ̀dà lọ síta bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ló ti ń ya àwòrán. Ilé opẹra àtijọ́ ní òpópónà Le Peletier ní Páríìsì, níbi tí àwọn oníjó báléè ti ń jó, pàápàá jóná ní 1873, síbẹ̀ ó ń ya àwọn oníjó lọ. Ó máa ń fi lẹ́ẹ̀dì àti ẹfun ya ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, apá kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún, kó tó kó wọn pọ̀ sínú àwòrán ńlá. Ní 1875 ó ya Perrot nìkan, tòun ti ọ̀pá rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi ọ̀dà sílẹ̀ nílé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ mú lẹ́ẹ̀dì àti bébà lọ, kí ẹ sì dúró títí ìlù á fi dákẹ́. Ẹ ya ẹni tó ń tún ìró rẹ̀ wé, ẹni tó ń fi eyín ya ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, onílù tó ń fa awọ ìlù rẹ̀ le. Kí oníkálukú ní bébà tirẹ̀. Bí ẹ bá ti ní bí ogún, ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀, kí ẹ máa ṣí wọn kiri títí ẹ ó fi rí ibi tí kálukú yóò dúró sí.