Ṣé kí n gba mọ́tò oníná tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Micra ni mo fi ń gbé èrò nílùú Ìbàdàn, owó epo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo èrè mi tán. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà rí Nissan Leaf ọdún 2013 kan tó ń lo iná mànàmáná, owó rẹ̀ kò wọ́n, ó sì fẹ́ rà á ránṣẹ́ sí mi. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé mọ́tò tó ń wa ara rẹ̀ ń bọ̀, iṣẹ́ dírẹ́bà kò sì ní pẹ́ tán. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tí ẹ béèrè kí owó tó jáde lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín, nítorí ìyẹn kò ní gbà wá lákòókò. Lóòótọ́ ni mọ́tò tó ń wa ara rẹ̀ ti wà: láti oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni Waymo, ilé-iṣẹ́ tákísí aláìnídírẹ́bà kan ní Amẹ́ríkà, ti ń gbé ará ìlú ní Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona, láìsí dírẹ́bà kankan nídìí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ náà tó gbé èrò àkọ́kọ́ ní àdúgbò kan, wọ́n á ti ya àwòrán gbogbo títì ibẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, títí kan ìlà ojú títì àti iná tó ń darí ọkọ̀. Níbi tí gbogbo ìyẹn wà pàápàá, iṣẹ́ náà ṣì le. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 2023, ọkọ̀ aláìnídírẹ́bà ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Cruise wọ́ obìnrin kan ní San Francisco tí ọkọ̀ mìíràn ti kọ́kọ́ gbá nílẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ California dá ìwé àṣẹ wọn dúró nínú oṣù yẹn gan-an, nígbà tó sì di oṣù kejìlá ọdún 2024, General Motors tó ni Cruise kéde pé àwọn kò ní náwó sórí tákísí aláìnídírẹ́bà mọ́. Ní Ìwó Road, níbi tí a ti ń fi ọwọ́, ojú àti họ́ọ̀nù bára wa sọ̀rọ̀ kí ẹnì kan tó ráyè kọjá, èmi kò rí ọkọ̀ tó máa gba iṣẹ́ yín kí Leaf yìí tó gbó.

Bátìrì ni kí ẹ bẹ̀rù. Ní Arizona yẹn kan náà, níbi tí oòrùn ti ń mú gan-an, ni àwọn tó ra Leaf ti pariwo ní ọdún 2012 pé agbára bátìrì àwọn ń dín kù kíákíá. Bátìrì Leaf kò ní omi tó ń yí i ká láti mú un tutù, afẹ́fẹ́ lásán ló gbára lé, ooru sì ni ọ̀tá irú bátìrì bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Leaf 2013 wà ní tuntun, yúnìtì iná 24 ni bátìrì rẹ̀ ń gbà, ó sì ń rin nǹkan bíi 120 kìlómítà, èyí tí kò dájú pé ó lè gbé yín láti Ìbàdàn dé Èkó.

Lọ́wọ́ ọ̀tún dáṣíbọ́ọ̀dù, ìlà ńláńlá wà tó ń sọ iye iná tó wà nínú bátìrì lọ́wọ́lọ́wọ́, ìlà kéékèèké 12 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn kéékèèké yẹn ni kí ẹ kà, torí àwọn ló ń sọ iye tí bátìrì ṣì lè gbà. Bí àkọ́kọ́ bá ti kú, nǹkan bíi ìdá 15 nínú 100 ti lọ. Bí ó bá ku 8, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ṣẹ́ kù, ìyẹn nǹkan bíi 80 kìlómítà, kò sì ní tó bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá tan ẹ́síì. Fún ẹni tó ń gbé èrò láti àárọ̀ di alẹ́, iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ nìyẹn.

Níbo ni iná á ti máa wá? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé yúnìtì kan sí 225 náírà fún àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Ní iye yẹn, 5,400 náírà ni yúnìtì 24. Ẹ fi wé lítà 8 tàbí 9 tí Micra yín ń jó fún ìrìn kan náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ ó máa fi gbaná sí i, ó lè mu tó lítà 12 kí bátìrì tó kún, ẹ ti padà sí ilé epo nìyẹn.

Ohun kan wà tó ń bà mí lẹ́rù ju owó lọ. Wáyà tó ń bá Leaf Amẹ́ríkà wá, 120 fóólìtì ni wọ́n ṣe é fún. Tiwa jẹ́ 230. Ẹ má kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé rárá. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún 230, kí oníṣẹ́ iná sì fa wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti ìdí mítà, torí ọkọ̀ yìí á máa fa iná fún wákàtí 9 tàbí 10 láìdáwọ́ dúró. Mo ti tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan nílé oníbàárà kan tí ike rẹ̀ ti yọ́ mọ́ ẹnu plọ́ọ̀gì, tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti dúdú. Ọmọ mẹ́ta ló ń sùn nínú yàrá yẹn.

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kó ya fọ́tò dáṣíbọ́ọ̀dù náà ránṣẹ́ kó tó sanwó, kó sì wa ọkọ̀ náà jìnnà dáadáa, torí àwọn oníṣòwò kan mọ bí wọ́n ṣe ń mú kí ìlà tó ti kú tún tàn fún ìgbà díẹ̀. Bí ìlà kéékèèké bá dín sí 10, kó fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá pé 11 tàbí 12, tí iná àdúgbò yín sì dára, ẹ lè gbà á fún iṣẹ́ inú ìlú, ṣùgbọ́n ẹ má ta Micra yín títí ẹ̀ẹ̀rùn kan yóò fi kọjá lórí bátìrì náà.